Ewé Tó Ká Kì í Ṣe Ọ̀daràn, Ẹlẹ́rìí Ni

Yorùbá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń kó la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe tì, tí a mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, òótọ́ pọ́ńbélé ni nípa ewé fúnra rẹ̀. Ibi tí ewé bá ń gbé ló ń jọ. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká, omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, oòrùn tó ń ràn sí i, gbogbo wọn ló ń fi àmì sí i lára. Ẹni tó máa ka àmì yẹn ló kù.

Ẹ wo ìtàkùn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ewé rẹ̀ rí bí àwòrán ọkàn tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ń dán, àwọ̀ ìyeyè sì ta sí i lára bí ẹni ta epo sáṣọ. Ó máa ń wà lórí fíríìjì, lórí ṣẹ́ẹ̀fù ìwé, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ní báńkì, ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń fà wálẹ̀ láti inú ìkòkò bí irun tí wọn kò dì. Money plant lọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní Nàìjíríà. Pothos ni wọ́n ń pè é ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Kò lágídí, ìdí nìyẹn tó fi wà níbi gbogbo.

Lọ́jọ́ kan ṣá, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sínú bí ẹní tí wọ́n fẹ́ kó nílẹ̀. Kí ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe? Wọ́n á sáré bu omi sí i. Bí ewé yẹn ò bá tú ká, wọ́n á tún bu òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtàkùn ti kú, onílé á wá ní, “Ọwọ́ mi ò kàn gba fúláwà ni.”

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́ o. Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn yìí sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ewé tó ká kọ́ ló dá ẹ̀ṣẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Ó sì tó ohun tó lé ní àádọ́sàn-án ọdún kí àwọn tó ń sin igi nínú ilé ní Yúróòpù tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀.

Àlùfáà tó gbé òdòdó sórí òṣùwọ̀n

Ọkùnrin kan wà ní Teddington, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, Stephen Hales lorúkọ rẹ̀. Àlùfáà ìjọ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìwàásù, òṣùwọ̀n ló ń gbé. Ní ìgbà ooru ọdún 1724, ó mú sunflower kan tó wà nínú ìkòkò, ó fi òjé pẹlẹbẹ bo ẹnu ìkòkò náà kí omi má baà gba ojú erùpẹ̀ fò lọ. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ó wọn ìkòkò yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 15.

Ìkòkò ń fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, erùpẹ̀ wà ní bíbò. Ibo lomi wá ń gbà jáde? Ọ̀nà kan ló kù, ara ewé ni. Hales rí i pé láàárín wákàtí 12 ojúmọmọ, sunflower yẹn ń tú omi tó tó áúnsì 20 sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì kílò. Ó ṣírò rẹ̀ pé bí a bá fi ara wé ara, òdòdó náà ń làágùn ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po 17. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, *Vegetable Staticks*, tó jáde ní 1727.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ewé kíká ti ṣẹ̀. Ewé kì í ṣe kete tí à ń pọn omi sí. Ojú ọ̀nà ni. Omi ń gba gbòǹgbò wọlé, ó ń gun inú ìtàkùn, ó sì ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí lára ewé jáde. Omi tó kún inú ewé yẹn náà ló ń mú un dúró gbọnyin, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú táyà le. Bí èyí tó ń jáde bá ti pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, ewé á dẹ̀. Á wá ká sínú, kí ibi tí afẹ́fẹ́ lè kàn lára rẹ̀ lè dín kù, bí ẹni tí otútù mú ṣe máa ń káwọ́ mọ́ra.

Nítorí náà, kíká yẹn gan-an kọ́ ni àìsàn. Ọgbọ́n tí igi ń dá láti fi là á já ni. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé: ta ló ń dí ẹ lọ́wọ́ omi? Ṣé ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà ti dí ni, àbí òkè ni wọ́n ti ń fà á jáde jù?

Dókítà tí èéfín lé wọnú ìgò

Hales ti dáhùn ọ̀rọ̀ omi. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ó sì di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìwé rẹ̀ kí ẹnì kan tó kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Wellclose Square, dókítà kan ń gbé tí ń jẹ́ Nathaniel Bagshaw Ward. Ó fẹ́ràn fern, ewéko tó máa ń hù níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí òjìji sì wà. Ó gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, wọ́n ń kú. Omi ò wọ́n wọn, ìtọ́jú ò wọ́n wọn, síbẹ̀ wọ́n ń kú. Ilé-iṣẹ́ yí agbègbè náà ká, èédú ni gbogbo wọn ń jó, èéfín sì ń bà sórí ewé láàárọ̀ lálẹ́.

Ní 1829, Ward fi ìdin àfòpiná kan tó ti wọ èèpo sínú ìgò gíláàsì tí erùpẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀, ó sì dé e lórí. Kòkòrò yẹn ló fẹ́ wò. Ó yà á lẹ́nu nígbà tó rí i pé fern kan àti koríko kan hù nínú erùpẹ̀ náà. Irú fern tó ń kú lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ń dàgbà nínú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin! Omi tó bá jáde lára ewé á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á tún ṣàn padà sínú erùpẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà níbẹ̀, kí ìdérí ìgò náà tó dípẹtà tí òjò sì ráyè wọlé.

Ohun tó yé Ward ni pé fern ò níṣòro kankan. Lọ́ńdọ̀nù ló níṣòro. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1842. Kò sì fi mọ sí ọ̀rọ̀ ewé: ó fi apá kan nínú ìwé náà sọ̀rọ̀ àwọn tálákà ìlú náà àti bí ìgbé ayé wọn ṣe lè dára sí i. Ẹni tó bá rò ó dáadáa á rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń pa ewé lẹ́yìnkùlé yẹn náà lọmọ ènìyàn ń mí símú ní agbègbè yẹn. Ewé kàn tètè sọ tiẹ̀ ni.

Ìjọba amúnisìn náà ò jẹ́ kí ọgbọ́n yẹn sùn. Ní 1833, Ward fi àpótí gíláàsì méjì tó kún fún ewéko ránṣẹ́ sí Sydney ní Ọsirélíà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì dé láàyè. Ṣáájú ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ orí òkun ti ń pa púpọ̀ nínú ewéko tí wọ́n bá kó sọ́kọ̀. Láàárín 1848 sí 1851, irú àpótí yìí ni Robert Fortune fi kó igi tíì láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà. Ní 1876, òun náà ni wọ́n fi kó ọmọ igi rọ́bà láti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìtọ́jú ewé di ohun tí wọ́n fi ṣí ọrọ̀ orílẹ̀-èdè kan nípò lọ sí òmíràn.

Gáàsì inú pálọ̀

Bí èéfín ṣe wà níta, gáàsì wà nínú ilé. Ní 1812 ni ilé-iṣẹ́ kan gba àṣẹ láti máa ta gáàsì èédú ní Lọ́ńdọ̀nù fún iná títàn. Nígbà tó yá, gáàsì wọ pálọ̀ àwọn tó rí jájẹ. Iná mọ́lẹ̀ rokoṣo, ṣùgbọ́n ewé inú ìkòkò ò rójú. Wọ́n ń ká, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń já bọ́. Ìdí nìyẹn tí aspidistra fi di ọba pálọ̀ láyé ìgbà náà: ó wà lára ìwọ̀nba ewéko tó lè fara da gáàsì àti òkùnkùn. Irin ni wọ́n fi wé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ló wá tú àṣírí gáàsì? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ni, Dmitry Neljubow. Ó ń gbin ẹ̀wà pea sínú òkùnkùn nínú láàbù, ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n dàgbà sókè, ṣe ni wọ́n kúrú, tí wọ́n ki, tí wọ́n sì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fún wọn ní afẹ́fẹ́ tó wá láti ìta, wọ́n nà ró. Ó rí i pé inú afẹ́fẹ́ láàbù lọ̀rọ̀ wà: gáàsì tí wọ́n fi ń tanná ló ń jò díẹ̀díẹ̀. Nínú gáàsì yẹn, ohun kan pàtó tí ń jẹ́ ethylene ló ń dà wọ́n láàmú. Ọdún 1901 ló gbé e jáde.

Ẹ mọ ethylene, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1934, Richard Gane fi hàn pé èso ápù tó ń pọ́n ń tú u jáde fúnra rẹ̀. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ìyá wa bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò kó lè tètè pọ́n: àpò ò jẹ́ kí gáàsì náà fò lọ. Ohun tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lọ́jà wa ló ń tẹ ẹ̀wà lọ́rùn ní Rọ́ṣíà.

Ẹ wò ó báyìí: Hales fi òṣùwọ̀n bi ewé léèrè, Ward fi ìgò, Neljubow fi afẹ́fẹ́ ìta. Kò sí ẹni tó rí ìdáhùn lójú ewé níkan. Ohun tó yí ewé ká ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ìtàkùn kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹ̀kọ́ yìí bá wúlò fún igi kan, pothos ni. Erékùṣù Mo'orea, nítòsí Tahiti nínú òkun Pàsífíìkì, ni orísun rẹ̀. Lóko rẹ̀ níbẹ̀, ó ń gun igi lọ sókè, ewé rẹ̀ á sì fẹ̀ gbàràmù. Ní 1880 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní orúkọ ìjìnlẹ̀ ní Yúróòpù, *Pothos aureus*. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e láti ìdílé kan sí òmíràn títí ó fi di *Epipremnum aureum* ní 1964. Òdòdó ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìdílé igi, ti èyí ò sì fẹ́ẹ̀ yọ òdòdó rí. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ṣàlàyé pé jíìnì tó yẹ kó bá a ṣe họ́mọ̀nù kan tí ń jẹ́ gibberellin ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Bí kò bá yọ òdòdó, kò ní so èso. Bí kò bá so èso, báwo ló ṣe dé orí fíríìjì yín? Gígé ni. Wọ́n ń gé ẹ̀ka lára ìyá, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n tún ń gé lára ọmọ. Èyí tó wà ní Súrùlérè àti èyí tó wà ní Peckham lè jẹ́ ara igi kan ṣoṣo tí ọ̀bẹ pín. Nítorí náà, bí ti aládùúgbò yín bá ń dán tí tiyín sì ká, ẹ má wá ẹ̀bi lọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Inú ilé ni kẹ́ ẹ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ níbí, torí ó lè gba ẹ̀mí là. Ní 1989, Bill Wolverton àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún NASA gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn ewéko kan, tí pothos wà lára wọn, ń dín èròjà olóró inú afẹ́fẹ́ kù. Àpótí pípa dé ni wọ́n ti ṣe é, bí ìgò Ward. Àwọn tó ń ta fúláwà gbé e kiri pé ewé ń fọ afẹ́fẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n ní 2019, Bryan Cummings àti Michael Waring ní Yunifásítì Drexel yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò padà. Wọ́n rí i pé kí ewé tó lè ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe fún ilé, a ó nílò igi 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ṣé ààyè ìjókòó á wá kù nínú pálọ̀ yẹn? Ẹlẹ́rìí lewé, kì í ṣe ọlọ́pàá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀. Ewé kankan ò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní ká láti kìlọ̀ fún yín. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé yín.

Bí a ṣe ń gba ẹ̀rí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó bu omi. Ìbéèrè márùn-ún péré ni.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣe bí Hales: ẹ gbé ìkòkò sókè. Bó bá fúyẹ́, tí ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì tí ó gbẹ, òǹgbẹ ni. Ẹ bu omi títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá ti gbẹ débi pé omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ, ẹ gbé e sínú bàsíà omi fún bí ìdajì wákàtí. Bó bá jẹ́ òǹgbẹ lásán ni, ewé á sábà tú ká kí ọjọ́ kejì tó ṣú.

Èkejì, bí erùpẹ̀ bá tutù nini tí ewé ṣì ká ńkọ́? Níbí lọ̀pọ̀ ti ń pa á. Gbòǹgbò náà ń mí; bí omi bá dí gbogbo àyè tó wà láàárín erùpẹ̀, á jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà ò lè fa omi. Ìtàkùn á wà nínú omi, òǹgbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹ fà á yọ kẹ́ ẹ wò ó. Gbòǹgbò tó dáa funfun, ó sì le. Èyí tó bàjẹ́ dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó sì ń rùn. Ẹ gé ti dúdú kúrò, ẹ wá erùpẹ̀ tuntun tí kì í di omi mú àti ìkòkò tó nihò nídìí. Bí gbòǹgbò ò bá kù mọ́, ẹ gé ìtàkùn nísàlẹ̀ oríkèé kan, ẹ fi sínú ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò tuntun á yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ṣáà ló ṣe rìn láti Mo'orea débí.

Ẹ̀kẹta, bí ìsàlẹ̀ bá dára, ẹ ṣe bí Ward: ẹ bi afẹ́fẹ́. Ṣé ọyẹ́ ti dé? Bó ṣe ń la ètè wa náà ló ń fa omi jáde lára ewé. Ṣé AC ń fẹ́ sí i tààrà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé orí hítà lẹ gbé e sí nígbà otútù? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Bí oòrùn bá ń ràn sí i gan-an láti ojú fèrèsé, tí ewé sì ń ṣì bí aṣọ tó pẹ́ lórí okùn, ẹ sún un sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yí ewé padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn kòkòrò máa ń sá sí. Bẹ́ ẹ bá rí okùn wẹ́wẹ́ bíi ti alántakùn, àmì tó funfun bí òwú, tàbí ilà fàdákà ṣíṣì, wọ́n ti ń mu omi ara rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún tojú tẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn ó fi tán.

Ìkarùn-ún, ṣé ajílẹ̀ ò ti pọ̀ jù? Iyọ̀ funfun lórí erùpẹ̀ àti etí ewé tó jóná ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Omi púpọ̀ tó wọlé lókè tó jò nísàlẹ̀ á fọ̀ ọ́ kúrò.

Ewé tó ti ká pẹ́ lè má nà mọ́ o, ẹ má torí ẹ̀ bínú. Ó ti jẹ́rìí tiẹ̀ tán. Èyí tó máa yọ tẹ̀ lé e lẹ máa wò. Bí ewé tuntun bá tú jáde tó tẹ́jú, tó ń dán, ẹ mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ti yanjú.